Òkúta Èkó, Àlejò Ni Gbogbo Wọn: Ọjọ́ Mẹ́fà Pẹ̀lú Ọmọ Lísàbí

Ọjọ́ Ajé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ọmọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Abẹ́òkúta, pé kó wá lo ọ̀sẹ̀ kan nínú hólídè lọ́dọ̀ wa ní Agége. Mo ní kò burú. Mo ti ń ro ibi tí mo máa mú un lọ, sinimá, ṣàwàámà, kó ṣáà lè rí nǹkan fi ṣe fáàrí fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó bá padà délé. Ọmọ dé, kò tíì jókòó dáadáa tó fi yọ ìwé kan jáde nínú báàgì. Tíṣà jọ́gíráfì wọn ló fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá, pé kí kálukú mú òkúta aparadà mẹ́rin wá tí wọ́n bá wọlé, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe di ohun tó dà. Metamorphic rocks ni ìwé yẹn pè é.

Mo ní, ìwọ Ọmọ Lísàbí yìí, o kúrò nílùú tó jẹ́ pé abẹ́ òkúta gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí, o wá ń wá òkúta bọ̀ l'Ékòó? Ó wò mí báyìí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣebí màámi ní jíọ́lọ́jì lẹ kà ní pólì?"

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Òótọ́ ni, mo kà á, mo gba HND, mo ṣe àgùnbánirọ̀, nígbà tí mo máa fi padà dé, Computer Village ni mo bá ara mi, ṣájà àti nǹkan ìlò fóònù ni mò ń tà, ó ti ń lọ sí ọdún kẹsàn-án báyìí. Hámà tí mo fi ń fọ́ òkúta nígbà náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó mi ló ń fi í pa èkùrọ́.

Mo sì mọ wàhálà tó wà ńbẹ̀. Èkó ò ní òkúta. Kò ní in rárá ni mo sọ. Iyanrìn àti amọ̀ tí odò àti òkun kó jọ la kọ́lé lé lórí, èèyàn á gbẹ́ ilẹ̀ ju kìlómítà kan lọ kó tó kan àpáta gidi. Gbogbo òkúta tó o bá rí níbí, àlejò ni, ẹnì kan ló gbé e wá. Àmọ́ ìlú tó gba àlejò bíi Èkó, ṣé ó ṣòro kéèyàn rí mẹ́rin nínú wọn ni?

Mo fa hámà jáde, a bọ́ sí ìta. Ilé kejì sí tiwa, wọ́n fẹ́ da dẹ́kìn, típà ti da gránáìtì sílẹ̀ níwájú ilé láti àná. Mo kí àwọn bíríkìlà, mo ní a fẹ́ ṣa òkúta díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ṣé wúrà la rí ni, ó fún wa ní bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, a ń fọ òkúta kọ̀ọ̀kan ká lè rí ara ẹ̀ dáadáa, nítorí pé òkúta tó ní eruku lára, gbogbo wọn ló jọra.

Púpọ̀ nínú wọn, dúdú àti funfun tó dà rú mọ́ra wọn bí ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀. Ìyẹn ni gránáìtì tòótọ́, ó yọ́ bí omi nísàlẹ̀ ilẹ̀ kó tó tutù kó tó dì, kì í ṣe òun là ń wá. Ìgbà tó yá ni Ọmọ Lísàbí mú ọ̀kan jáde, ó ní èyí ní ìlà lára. Mo gbà á, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Dúdú, funfun, dúdú, funfun, ó tẹ̀ lé ara wọn bí aṣọ òfì. Gneiss nìyẹn, náìsì là ń pè é lẹ́nu. Nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa ní gránáìtì láti àwọn kúárì ọ̀nà Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, náìsì pọ̀ ńbẹ̀, bíríkìlà ò sì bìkítà, kọnkéré ṣáà máa le.

Ọmọ béèrè pé ṣé òun náà yọ́ ni. Mo ní rárá, ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣì í nìyẹn. Òkúta aparadà ò yọ́. Ó wà ní líle bó ṣe wà, inú ẹ̀ ló yí padà. Ó ní kò yé òun, báwo ni nǹkan tó le ṣe máa yí padà tí kò ní kọ́kọ́ rọ̀? Mo ń ronú ohun tí mo lè fi ṣàlàyé, ni mo bá rí fọgánáísà tó wà ní bọ́sítọ́ọ̀bù wa.

Bàbá yẹn ṣì ń lẹ tíúbù láyé àtijọ́ ni. Ó fi fáìlì ha ojú ibi tó jò, ó gé rọ́bà tútù lé e, ó fi irin tó ní bóòtù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ó sì fún un pinpin, ó da epo díẹ̀ sórí irin yẹn, ó ṣáná sí i. A jókòó tì í. Ọmọ ń kánjú, bàbá ní, "Má tú u o, tó o bá sáré tú u, ọ̀la lo máa padà wá." Nígbà tó tú u, rọ́bà méjèèjì ti di ẹyọ kan. Mo ní, ṣó o rí i? Rọ́bà yẹn ò yọ́, kò ṣàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan mọ́. Iná nìkan, á jóná. Bóòtù nìkan, ọ̀la á ṣí. Iná, ìfúnmọ́, àti sùúrù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òkúta nìyẹn, kìkì pé sùúrù tirẹ̀ jẹ́ ti mílíọ̀nù ọdún.

Bàbá fọgánáísà ní ṣé tíṣà ni mí ni. Mo ní rárá, mò ń ta ṣájà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ṣí i.

A wọ dáńfó láti Ọ̀ṣòdì lọ sí CMS, Third Mainland ni awakọ̀ gbà, nígbà tó máa fi kọjá Adékúnlé ọkọ̀ ti dúró gbári. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kọ́ńdọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ ra gálà. Èmi náà wá rí i pé ibí gan-an ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ilẹ̀, torí ọmọ yìí ń rò pé abẹ́ ilẹ̀ jinlẹ̀ bíi kànga.

Bíríìjì yìí, kìlómítà 11.8 ni gígùn ẹ̀, ọdún 1990 ni wọ́n ṣí i. Mo ní, ká ní ẹnì kan gbé gbogbo ẹ̀ nàró, tó wá rì í bọlẹ̀ títí orí ẹ̀ fi bá ilẹ̀ dọ́gba, báwo ni ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ṣe máa gbóná tó? Ó ní bí oòrùn ọ̀sán. Ìyá kan tó jókòó níwájú wa rẹ́rìn-ín. Mo ní, kìlómítà kọ̀ọ̀kan tó o bá sọ̀ kalẹ̀, ooru á máa fi nǹkan bíi dígírì 25 sí 30 lé sí i, tó o bá fi máa dé ìdí bíríìjì, ó ti lé ní 300. Omi tó ń hó lórí sítóòfù, 100 péré ni. Ti ooru nìkan là ń sọ o, a ò tíì dé orí ẹrù tó wà lórí ẹ̀. Òkúta tó ga ní kìlómítà mọ́kànlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jókòó lé ibẹ̀, ìwúwo ẹ̀ á tó nǹkan bí ìlọ́po 3,000 ti afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa yìí. Gáàjì bàbá àná yẹn, èyí tó fi ń wọn táyà, á fọ́ dànù ṣáájú kó tó dé ìdajì ìdajì ẹ̀.

Síbẹ̀, ibi tí bíríìjì kan dé yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Amọ̀ tó ti gan tó bá dé ibẹ̀, síléètì ló ń dà. Tí ìlà dúdú-funfun tó wà lára òkúta tó ṣà lánàá bá máa yọ, bíríìjì méjì la máa so pọ̀, ooru á ti kọjá 600. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju èje lọ.

Ìyá iwájú wa yíjú padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yìí, a ṣì wà lórí omi." Ó bọ́gbọ́n mu. Mo dákẹ́.

A sọ̀ ní CMS, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìdúmọ̀tà torí pé ìyàwó mi ní ká bá òun ra nǹkan. Ẹni tó bá mọ Ìdúmọ̀tà mọ̀ ọ́n, ọ̀nà tóóró, ọjà lọ́tùn-ún ọjà lósì, aláàárù ń pariwo "ẹ yà o" látẹ̀yìn. Ọmọ Lísàbí yí ẹ̀gbẹ́, ó ń rìn bí alákàn, èmi náà yí ẹ̀gbẹ́, gbogbo ẹni tó wà níwájú wa ló yí ẹ̀gbẹ́. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láàárín èrò. Ó ní kí ló dé. Mo ní wo bí gbogbo wa ṣe dúró. Nígbà tí ọ̀nà fún wa lápá ọ̀tún àti òsì, ta ló kọjú síwájú mọ́? Kálukú ti fi ibi tẹ́ẹ́rẹ́ ara ẹ̀ sí ọ̀nà tí ìfúnmọ́ ti ń wá, gbogbo wa wá tò bí ìwé nínú ṣẹ́ẹ̀fù. Máíkà tó wà nínú òkúta, nǹkan pẹlẹbẹ tó ń dán wìnrìn-wìnrìn yẹn, bó ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ń tì í láti ẹ̀gbẹ́ méjì, á yí, àwọn tuntun tó bá sì ń hù nínú ooru yẹn, bí wọ́n á ṣe máa hù náà nìyẹn. Ìdí tí síléètì fi ń ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ nìyẹn, ìdí tí òkúta aparadà kan tí wọ́n ń pè ní schist fi ń dán bí ìpẹ́ ẹja.

Ó dúró, ó mú fóònù, ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín Ìdúmọ̀tà. Aláàárù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa lọ.

Ọ̀sán la dé Oníkan, ó ti rẹ̀ wá, a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń sun bọ̀ọ̀lì. Mo fi ọ̀kan hàn án, ibi tó kan iná ti dúdú, lẹ́yìn ẹ̀ ó pọ́n, àárín ṣì ń funfun. Mo ní irú òkúta aparadà mìíràn wà tó jẹ́ pé báyìí ló ṣe, kò sí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kan tó ga, òkúta yíyọ́ ló kàn ti ìsàlẹ̀ wá, ó wọ àárín òkúta tútù, èyí tó fara kan án sì sun bí bọ̀ọ̀lì, bó o bá ṣe ń jìnnà sí i ni àyípadà ń dín kù. Kì í tóbi bíi ti ibi tí orí ilẹ̀ ńlá méjì, kọ́ńtínẹ́ǹtì, ti kọlu ara wọn. Ní Mùsíọ́ọ̀mù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn a ò wọlé, ṣùgbọ́n mo sọ̀rọ̀ àwọn ère Ẹ̀síẹ̀ fún un, ní Kwara, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, èèyàn tó jókòó, tó mú idà, tó di irun, òkúta aparadà ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo wọn, èyí tó rọ̀ bí ọṣẹ torí pé tálìkì ló pọ̀ nínú ẹ̀, nǹkan kan náà tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe páúdà. Agbẹ́gilére tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ mọ òkúta tí kò ní fọ́ irin mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọjọ́rú

Òní, Orílé. Òdúnadé àti Coker, ibi tí gbogbo táìsì àti mábù Èkó ń gbà kọjá. Mo ti sọ fún un kó ra ọsàn wẹ́wẹ́ méjì dání, ó rò pé fún ọbẹ̀ ni.

Ọ̀gá kan tó ń gé mábù jẹ́ ká ṣa èyí tó ti dá nílẹ̀. Ó ní mábù ni gbogbo ẹ̀. L'Ékòó, ohun gbogbo tó bá ti ń dán, tó tutù, tó wọ́n, mábù ni. Mo mú méjì tó funfun bákan náà, mo ní kí ọmọ fi ìṣó ha wọ́n. Àkọ́kọ́, ìṣó wọlé, ó sì ha ìyẹ̀fun funfun jáde. Mo fún ọsàn sórí ìyẹ̀fun yẹn. Ẹ wò ó, ó hó, ó rú fùùù díẹ̀ bí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ pariwo. Ọ̀gá fi mọṣíìnì sílẹ̀, ó wá wò ó. Ìkejì, ìṣó kàn ń yọ̀ lórí ẹ̀ ni, àmì irin ló kù sára ẹ̀, mo wá mú òun náà fi ha ìgò, ìgò ló sì fá. Ọsàn ò ṣe nǹkan kan fún un.

Àkọ́kọ́ yẹn ni mábù, ìkejì quartzite ni. Aparadà ni àwọn méjèèjì, ìyá wọn ló yàtọ̀. Ìyá quartzite ni òkúta iyanrìn. Wóró iyanrìn tí o lè fọwọ́ gbọ̀n dànù tẹ́lẹ̀, ooru àti ìfúnmọ́ ti mú kí wọ́n hù wọnú ara wọn, débi pé tó o bá fọ́ ọ báyìí, àárín wóró gan-an ló máa ń là, kì í là ní ẹ̀gbẹ́ wóró. Ìyá mábù ni òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ńtì. Nínú òkúta ẹfun o ṣì lè rí ìkarahun àwọn nǹkan tó gbé inú òkun nígbà kan. Nínú mábù, o ò ní rí i. Ìkarahun ti yí padà di wóró tuntun tó ń dán, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. A ní irú ẹ̀ nílé, ó wà ní Ìgbẹ́tì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tó o bá dé Orílé, gbogbo ẹnu ló ń ní "Ítálì, Ítálì".

Ọ̀gá wá bi mí ní ìbéèrè tó dáa, mo gbọ́dọ̀ sọ. Ó ní tí wọ́n bá fi iná sun òkúta ẹfun, ṣebí ó máa ń di ẹfun lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi ń kun ògiri, báwo ló ṣe wá máa di mábù? Mo ní ọ̀gá, ìbéèrè tí àwọn òyìnbó fi bá James Hutton jà nìyẹn. Hutton ará Scotland ló sọ pé ooru abẹ́ ilẹ̀ ló ń sọ òkúta dà, wọ́n ní irọ́, iná máa lé afẹ́fẹ́ inú òkúta ẹfun jáde ni, ó sì máa tú. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Hall, tó sún mọ́ ọn, fẹ́ dán an wò, ṣùgbọ́n Hutton ò fẹ́ràn irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, Hall sì bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó dúró títí bàbá fi kú ní 1797. (Àwọn òyìnbó yẹn náà mọ̀wọ̀ jàre.) Lẹ́yìn náà ló wá ki ẹfun sínú ọ̀pá ìbọn, ó dí ẹnu ẹ̀ pa, ó gbé e sínú iná ìléru. Ó bẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣe é léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí kò bẹ́, tó ṣí i, ó bá nǹkan tó le tó ń dán bíi mábù nínú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ò ríbi jáde ni. Ìfúnmọ́ ló mú un dúró.

Ọ̀gá ní bí ìkòkò préṣọ̀ ìyàwó òun nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ó fún wa ní méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe irú ọsàn yẹn níwájú kọ́sítọ́mà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe kíṣìnì ṣáá, ẹ gbọ́ tèmi, ohun tó bá hó sí ọsàn máa gba àpá tí zobo bá dà sí i, tàbí tòmátò, ẹ ò sì ní rí i pa rẹ́. Ẹ mú ìṣó dání lọ sọ́jà.

Òkúta mẹ́ta. Ó ku ẹyọ kan.

Ọjọ́bọ̀

Òjò láti àárọ̀. Wọ́n mú iná lọ. Ojú ọ̀nà Agége ti di odò, a ò jáde.

Bàbá onílé wa gbọ́ ariwo òkúta, ó pè wá sí pálọ̀ wọn. Wọ́n gbé síléètì kan jáde nínú àpótí, èyí tí wọ́n fi kọ́ a bí dí nílé ìwé nígbà èwe wọn, férémù igi ti bọ́ lára ẹ̀, igun kan ti ṣẹ́. Dúdú, pẹlẹbẹ, tutù. Amọ̀ ìsàlẹ̀ omi ni èyí nígbà kan, ẹrẹ̀ lásán bí èyí tó wà lójú títì wa lónìí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gan, wọ́n tún sè é díẹ̀, ó wá ń ṣí ní pẹlẹbẹ. Kò tíì jinlẹ̀. Ká ní wọ́n sè é sí i, máíkà inú ẹ̀ á tóbi, á máa dán, á di schist, ká ní wọ́n tún sè é sí i, á ya ìlà dúdú àti funfun, á di náìsì. Ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo wọn, kíláàsì ló yàtọ̀.

Ọmọ ń fi ojú bẹ bàbá. Bàbá ní, "Wàá kọ nǹkan sí i, àmọ́ o ò ní gbé e lọ." Ó kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n fi omi nù ún, wọ́n gbé e padà sí àpótí. Ẹyọ kan ṣì kù.

Gàrí la mu lọ́sàn-án, pẹ̀lú ẹ̀pà. Orí gàrí yẹn ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo jíọ́lọ́jì. Ẹ̀gẹ́ kan náà ló di gàrí, òun ló di fùfú, òun náà ló di láfún, tó o bá sì tọ́ ọ wò, o mọ ẹni tí wọ́n yan nínú agbada, ẹni tí wọ́n rẹ sómi, ẹni tí wọ́n sá sóòrùn. Mínírà, ìyẹn àwọn èròjà tó para pọ̀ di òkúta, mẹ́ta kan wà báyìí nínú òkúta aparadà, kyanite, andalusite àti sillimanite, àlúmínọ́ọ̀mù, sílíkọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ̀n kan náà, kò sí ìyàtọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi pò wọ́n. Bí ìfúnmọ́ bá pọ̀ ju ooru lọ, kyanite. Bí méjèèjì bá kéré, andalusite. Bí ooru bá ga gan-an, sillimanite. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ò jìnnà sí dígírì 500. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn lára òkúta lórí ilẹ̀ lónìí, á lè sọ bí ìkòkò tí wọ́n ti sè é ṣe jìn tó, àti bí iná abẹ́ ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, láìjẹ́ pé ẹnì kankan dé ibẹ̀ rí.

Ọmọ ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tẹ́ ẹ ń ta ṣájà?" Mo ní mu gàrí ẹ.

Ọjọ́ Ẹtì

Ojú ọjọ́ là. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní CMS lọ sí Tarkwa Bay, wọ́n fún wa ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tó ń rùn bí ẹja gbígbẹ. Ọmọ di ọwọ́ mi mú títí a fi dé.

Àwọn èèyàn ń lọ wẹ̀, àwa kọjú sí àwọn òkúta ńláńlá tó lọ sínú òkun, èyí tí wọ́n ń pè ní mole. Lẹ́nu Ọ̀sà Èkó, iyanrìn ló máa ń dí ọ̀nà ọkọ̀ òkun láyé àtijọ́, ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé. Ní 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sẹ́nu ibẹ̀, lápá ìlà-oòrùn, lẹ́yìn náà lápá ìwọ̀-oòrùn. Àwọn òkúta yẹn ńkọ́, níbo ni wọ́n ti kó wọn? Mo dúró kí n tó sọ ọ́. Mo ní kúárì Aro. Ó ní Aro wo? Mo ní Aro yín, Abẹ́òkúta, rélùwéè tó ti dé ibẹ̀ kí ọdún 1900 tó pé ló ń kó wọn bọ̀.

Ó lanu. Ó ní, "Àwọn ará ilé wa ni wọ́n."

A bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí wọn. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ gránáìtì lásán, omi ti fọ̀ wọ́n mọ́ ju ti típà lọ. Ṣùgbọ́n a rí ọ̀kan, ó tóbi bíi dáńfó, mo dúró níwájú ẹ̀ fún àkókò gígùn. Ìlà ara ẹ̀ ò lọ tààrà. Ó ká, ó tún padà, ó lọ́ bí àmàlà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò tí orógùn ṣì wà nínú ẹ̀. Òkúta ni o! Tó o bá fi hámà lù ú, ọwọ́ ló máa dùn ọ́. Àmọ́ nígbà tó wà nísàlẹ̀, tó gbóná tí ilẹ̀ sì ń tì í díẹ̀díẹ̀, mìlímítà bíi mélòó kan lọ́dún, ó tẹ̀ láì ṣẹ́. Ooru ló jẹ́ kó gbà, àìkánjú ló jẹ́ kó má fọ́.

Láàárín ìlà yẹn, àwọn iṣan funfun tó nípọn wà tó ya kiri. Mo ní, ranti ohun tí mo sọ pé òkúta aparadà kì í yọ́? Ó dáa, ibí ni ẹnu ààlà. Bí ẹran bá wà lórí iná, ọ̀rá ló kọ́kọ́ ń yọ́, ẹran dúró. Nígbà tí ooru òkúta bá ń sún mọ́ dígírì 650 tí omi díẹ̀ sì wà nínú ẹ̀, àwọn mínírà funfun ló kọ́kọ́ ń yọ́, wọ́n á ṣàn lọ kó ara wọn jọ, wọ́n á dì níbẹ̀. Èyí dúdú ò yọ́. Ìdajì aparadà, ìdajì gránáìtì. Migmatite lorúkọ ẹ̀. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kún fún un, ẹ̀ ń jókòó lé e lórí ẹ ń ta ẹ̀fọ́.

Ó fẹ́ gba hámà lọ́wọ́ mi. Mo ní rárá, òkúta yìí ló ń gba ìgbì fún wa, a ò ní ṣẹ́ ẹ. A wá ìdí ẹ̀ kiri, a rí ẹ̀ẹ́rún kan tó ti bọ́ fúnra ẹ̀, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, ìlà wà lára ẹ̀, iṣan funfun náà wà. Ẹ̀kẹrin.

Kó tó di pé ọkọ̀ wá gbé wa, ọmọ fi ẹsẹ̀ wọ́ iyanrìn, ó rí ibi tí ìgbì ti to nǹkan dúdú àti pupa pọ̀ lórí funfun, bí ìgbà tí èèyàn da ata gígún sórí gàrí. Àwọn mínírà tó wúwo ni, omi ò lè gbé wọn jìnnà. Mínírà pupa kan tó ń jẹ́ gáánẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, inú òkúta aparadà ló sì máa ń hù. Mo bá la gbogbo ẹ̀ yé e. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, àwọn orí ilẹ̀ kọlu ara wọn, òkè ńlá yọ níbi tí ilé wọn wà lónìí, nísàlẹ̀ òkè yẹn ni wọ́n ti se òkúta wọn. Láti ìgbà náà òjò ń rọ̀, ó ń rẹ́ orí òkè, òkúta ìsàlẹ̀ sì ń gbéra sókè bí ẹrù orí ẹ̀ ṣe ń dín kù. Odò sì ń kó ẹ̀ẹ́rún ẹ̀ lọ sókun. Odò Ògùn ṣì ń ṣe é títí di òní, ó gba Abẹ́òkúta kọjá ó wá tú sínú Ọ̀sà wa.

Ó ní, "Nígbà náà iyanrìn Èkó pàápàá..." Mo ní òun náà. Rélùwéè kọ́ ló kọ́kọ́ kó yín wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo sìn ín dé tẹ́ṣọ̀n rélùwéè ní Alágomeji, èyí tí wọ́n sọ ní Mobolaji Johnson. Ìyá ẹ̀ á máa dúró dè é ní ti Abẹ́òkúta. Ó ti wé òkúta kọ̀ọ̀kan sínú nylon pẹ̀lú bébà: náìsì Agége, mábù Orílé, quartzite Orílé, migmatite Tarkwa Bay. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú bírò pupa.

Wọ́n yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá tó gbé e sókè tún gbé e kalẹ̀. "Kí lo kó sínú èyí tó wúwo báyìí?"

"Òkúta ni, sà."

"Òkúta. Níbo lò ń lọ?"

"Abẹ́òkúta, sà."

Ó wò mí, ó wo ọmọ, ó pe ẹnì kejì ẹ̀, ó ní kó yára wá wo ẹni tó ń ra òkúta l'Ékòó lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn wa náà ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ Lísàbí dúró ṣinṣin, ó ní, "Sà, a ò rà wọ́n. Ilé ni wọ́n ń padà sí."

Wọ́n jẹ́ kó kọjá. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, ìyàwó mi pe fóònù mi, ó ní òun ti wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tì, hámà dà? Ó wà nínú báàgì mi. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù.